Áàṣì méjì tó jọra, èwo ni kí n kùn sí pálọ̀ Màámi l'Adó?

Ọmọ Adó, Houston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Pálọ̀ Màámi ni mo ń tún ṣe l'Adó-Èkìtì, mo wo áàṣì títí ó fi sú mi, ó wá ku méjì, Repose Gray àti Agreeable Gray, iléeṣẹ́ pẹ́ńtì Sherwin-Williams ló ni méjèèjì. Lójú fóònù mi wọn ò yàtọ̀ síra rárá. Pẹ́ńtà ní kí n ṣáà fi fọ́tò èyí tí mo bá fẹ́ ránṣẹ́, òun á po ó. Ẹ gbà mí o, èwo ni kí n mú?

Ọmọ Ìfàkì, London:
Àbúrò, má fojú fóònù mú pẹ́ńtì o, jọ̀ọ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí mo kọ́lé sí Ìfàkì, áàṣì yẹn dáa gan-an lójú fóònù, ìgbà tí wọ́n kùn ún tán ló di búlúù bíi yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, odidi yàrá la tún kùn. Àwọn méjì tó o dárúkọ yìí, mímọ́lẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Nọ́ńbà kan wà tó ń jẹ́ LRV, òun ni wọ́n fi ń mọ bí àwọ̀ ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, 0 ni dúdú, 100 ni funfun, Repose jẹ́ 58, Agreeable jẹ́ 60. Ohun tó wà lábẹ́ áàṣì náà ni kó o wò. Agreeable ń fà sí àwọ̀ iyanrìn, Repose tutù jù ú lọ, níbi tóòrùn ò bá dé búlúù díẹ̀ lè yọ lára ẹ̀. Fèrèsé wọn kọjú síbo? Irú gúlóòbù wo ni wọ́n ń tàn? Gúlóòbù funfun báláú tó pọ̀ nílé yẹn máa ń fa búlúù yọ o.

Jẹ́ kí pẹ́ńtà po díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì, kó kùn wọ́n sára páálí ńlá lẹ́ẹ̀mejì, kó fi etí páálí sílẹ̀ ní funfun kí àwọ̀ ògiri àtijọ́ má bàa tan ojú yín, kó sì gbẹ dáadáa, torí tútù ẹ̀ àti gbígbẹ ẹ̀ ò rí bákan náà. Kí wọ́n wá máa gbé e ti ògiri kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, àti lálẹ́ tí wọ́n bá tanná. Màámi ni kó mú o, àwọn ló ń gbébẹ̀.

Ọmọ Adó, Houston:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí. Màámi gbé páálí méjèèjì jókòó sórí àga níwájú fèrèsé, wọ́n ní nírọ̀lẹ́ tóòrùn pọ́n bí epo, Agreeable ti fẹ́ di yẹ́lò, Repose ò yí padà. Wọ́n ti mú Repose.

Ọmọ Ìjerò, Toronto:
Kí pẹ́ńtà po gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, kó da bọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo pọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, tó bá ń po ó lójoojúmọ́ ògiri kan á dúdú ju èkejì lọ. Kó sì jẹ́ pẹ́ńtì sátíìnì, èyí tó ń dán díẹ̀, ekuru pupa ọyẹ́ máa lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n á lè fi aṣọ tútù nù ún.