Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n mú ọmọ mi lọ sí bọ́sítà, ilé tí ìjọba ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó rú òfin sọ́nà?

Ìyá Dàpọ̀: Ẹ̀yin ẹbí mi, mi ò sùn mọ́jú. Dàpọ̀ ti dójú tì mí. Ilé ìwé lé e, ó wá ń bá àwọn ọmọ ìdí páàkì rìn. Lọ́jọ́ Sátidé ó jí fóònù oníṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Àdúgbò tí mo ti ń dín àkàrà láti ọdún mẹ́wàá! Àwọn oníbàárà mi ń wò mí bí olè. Bàbá rẹ̀ ní bọ́sítà Abẹ́òkúta ló kàn. Èló ni wọ́n ń gbà? Kí ni kí n dì fún un?

Bàbá Rísí: Ẹ mú un lọ jàre. Ẹ̀yin ìyá lẹ ń kẹ́ wọn bà jẹ́. Pàṣán ni bàbá tèmi fi tọ́ mi.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ẹ̀gbọ́n mi mú tirẹ̀ lọ síbì kan báyẹn. Ọwọ́ àwọn tó bá níbẹ̀ ló ti kọ́ igbó mímu. Ẹkún ni mo ń sun bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lọ́yà Àbíkẹ́: Màmá, ọmọ ọdún mélòó ni? Ọdún 16 sí 21 ni òfin bọ́sítà wà fún. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò tíì pé 18 kò gbọdọ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ọlọ́pàá pàápàá lè parí ọ̀rọ̀ láì dé kóòtù, kí ọmọ san ohun tó bà jẹ́. Tó bá sì dé kóòtù, adájọ́ lè ní kó máa ti ilé ṣe iṣẹ́ ìlú, kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá Rísí: Òfin òyìnbó!

Lọ́yà Àbíkẹ́: Bàbá, òyìnbó náà ló mú bọ́sítà wá. Orúkọ abúlé wọn kan ní Kent ni. Òfin 1982 ni wọ́n fi pa tiwọn rẹ́.

Ìyá Dàpọ̀: Bàbá Rísí, mi ò kẹ́ ẹ bà jẹ́ o. Agogo mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí lọ ẹ̀wà. Ọmọ ọdún 14 ni. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Olóhun ní kó wá máa to ọjà, kó máa gbálẹ̀ títí owó fóònù á fi pé. Bàbá rẹ̀ ló kọ̀, ó ní ìtìjú ni.

Lọ́yà Àbíkẹ́: Háà, Màmá! Ẹ tètè gbà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí: iye owó, wákàtí, ọjọ́ tó máa parí.

Ìyá Ìbejì: Kí ló ṣe tí ilé ìwé fi lé e?

Ìyá Dàpọ̀: Kò ṣe nǹkan kan. Owó tẹ́ẹ̀mù méjì ni a ò rí san.