Honda mi ń kú lójú títì tí oòrùn bá ti mú: ṣé pọ́ǹpù epo ni àbí nǹkan mìíràn?

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kówó dà sómi. Honda Accord ọdún 2000 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Baby Boy nílé, ẹlẹ́ńjìnnì kékeré onísìlíńdà mẹ́rin. Ó ti rin máìlì 187,000. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tó ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀sán ló máa ń ṣe é, kì í ṣe é lóru. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orí I-45 ló kú sí nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọ̀tún ní òsì, àyà mi já pátápátá. Kò gbọ̀n, kò fà, ó kàn kú fin bí ẹni pé ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ padà. Mo sítáàtì títí, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò mú. Ọkọ̀ Tow and Go ló wọ́ mi kúrò lórí títì láìgba kọ́bọ̀. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí mo padà lọ dán an wò, bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló mú.

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ ní pọ́ǹpù epo ni, pé kí n mú 900 dọ́là wá. Wọn ò wọn nǹkan kan, wọn ò fọwọ́ kan táǹkì. Owó tí mo tọ́jú fún ilé ìwé àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fà yọ o.

Bàbá Chicago

Ẹ kú ewu ọ̀nà, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká rí àgbákò lójú títì. Pọ́ǹpù ni o. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo fi ìdí bàtà gbá abẹ́ táǹkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ló bá mú, mo fi bẹ́ẹ̀ wà á délé. Ní máìlì 187,000, pọ́ǹpù náà ti gbó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.

Rẹ́wáyà Dallas

Ẹ̀gbọ́n wa ní Chicago, ẹ ṣeun, ohun tí ẹ ṣe sí abẹ́ táǹkì yẹn jẹ́ àyẹ̀wò gidi. Pọ́ǹpù tó ti jẹ tán máa ń dìde tí a bá gbá a. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Pọ́ǹpù tó ń kú lọ máa ń ṣàárẹ̀ kó tó kú: ọkọ̀ á máa fà tí ẹ bá ń gun afárá tàbí tí ẹ tẹná mọ́ ọn láti wọ títì ńlá, á máa gbọ̀n, agbára rẹ̀ á sì máa dín kù. Báyìí náà ni fíltà tó ti dí ṣe máa ń ṣe. Tiwọn kò fà rárá, ó gé lójijì. Nǹkan tó bá gé lójijì, wáyà àti iná ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe rẹ́wáyà ní Mọ́kọ́lá kí n tó dé ibí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi.

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì san owó yẹn. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì tutù, ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ pa rédíò àti fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má sítáàtì. Ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn, lábẹ́ ìjókòó àwọn ọmọ. Ẹ ó gbọ́ "hùn-ùn-ùn" fún nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 2, á sì dákẹ́. Pọ́ǹpù ló ń ti epo sínú páìpù nìyẹn. Ẹ ó tún gbọ́ "kẹ́" lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ni relay, switch kékeré tó ń tan iná pọ́ǹpù tó sì ń gé e. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún kí etí yín mọ ohùn méjèèjì dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sínú oòrùn pẹ̀lú wíńdò ní títì. Ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò mú, ẹ má sá kúrò nídìí rẹ̀, bí ó bá ti jẹ́ pé ibi tí kò léwu ló wà. Ìgbà tó kú yẹn gan-an la máa ń rí òótọ́. Tó bá ti tutù tó tún mú, kò sí ẹni tó lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, àfi kó máa fọ̀rọ̀ dá. Ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ́tí. Ẹ wo àwòrán kọ́kọ́rọ́ kékeré aláwọ̀ ewé lórí dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú: tó bá ń ṣẹ́jú láìdákẹ́, ọkọ̀ ni kò dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Tí pọ́ǹpù bá dún tí ẹ́ńjìnnì kò sì mú, ẹ má tíì dá epo lẹ́bi. Accord yìí ní distributor tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti igniter inú rẹ̀ tó ń dá iná náà máa ń kú nínú ooru pẹ̀lú. Ẹ ra spark tester kékeré tó ní gílóòbù, ẹ fi sáàárín pulọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀, kí ẹnìkan sítáàtì. Tí gílóòbù bá ń tàn, iná wà. Ìgbà yẹn la tó máa wọn epo. Ẹ lọ sí AutoZone, wọ́n máa ń yá ènìyàn ní gééjì epo. Ẹ ó fi owó sílẹ̀, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà tí ẹ bá dá irinṣẹ́ padà. Ó yẹ kí ó kà á ní àyíká 40 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí epo fi ń ti. Tó bá dúró dáadáa nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, tó wá ń já wálẹ̀ tí ẹ bá tẹná, fíltà ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ wò. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà nínú tiyín, kò tó nǹkan láti pààrọ̀ rẹ̀.

Tí pọ́ǹpù kò bá dún, mítà tí a fi ń wọn iná ló kù. Kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ fi ẹsẹ̀ mítà méjèèjì sí wáyà iná àti wáyà ilẹ̀ (ground) pọ́ǹpù. Tí iná bá dé ibẹ̀ ní vólútì 12 tí pọ́ǹpù kò sì ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù ti kú lóòótọ́, ọ̀rọ̀ Bàbá Chicago jóòótọ́ nìyẹn. Tí iná kò bá dé ibẹ̀, pọ́ǹpù tuntun mẹ́wàá kò lè gbé ọkọ̀ yẹn dìde.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: epo inú páìpù yẹn ń ti ara, ó lè fọ́n sí ẹ̀dá lójú. Ẹ má tú páìpù kankan nínú gáréèjì tí hítà omi onígáàsì wà, iná kékeré inú rẹ̀ ti tó láti jó ilé. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ohun ìpaná wà nítòsí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fa epo bí a ti máa ń rí i nílé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Ẹ̀gbọ́n Rẹ́wáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ti London kún un nítorí àwọn tó ń wa Ford àtijọ́. Focus ọdún 2002 ni tèmi. Mo kó sínú kòtò kan ní Old Kent Road, ọkọ̀ kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò dìde mọ́. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Ghana, ló fi switch kékeré kan hàn mí níbi ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé iná pọ́ǹpù tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, kí epo má baà dà sílẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe gbá kòtò yẹn ti tó láti mú un gé. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn abẹ́ ọkọ̀. Tí kò bá sí òórùn epo, ẹ tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ wọlé.

Ohun kejì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, E10, epo tí wọ́n po ethanol mọ́ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n sọ epo lásán dà níbí. Àwọn ọkọ̀ kan tó ti pẹ́ kò gbà á, ó lè ba róbà páìpù wọn jẹ́. Ẹ yẹ ọkọ̀ yín wò lórí GOV.UK, tí wọ́n bá ní kò gbà á, E5, èyí tí ethanol inú rẹ̀ kéré, ni kí ẹ máa rà.

Rẹ́wáyà Dallas

Ó ṣeun, àbúrò. Ó rán mi létí ohun kan: tí ọkọ̀ bá kú, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Tó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo ńlá tí ọkọ̀ sì mú lẹ́yìn náà, ibi tí táǹkì ń gbà mí ló dí.

Ìyá Ìbejì, Houston

Bọ̀dá Rẹ́wáyà, mo ṣe é. Ní òwúrọ̀, mo gbọ́ "hùn-ùn" àti "kẹ́" kedere. Ní aago méjì ọ̀sán, inú ọkọ̀ gbóná bí ààrò. Mo yí kọ́kọ́rọ́: iná ẹ́ńjìnnì tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn dákẹ́ lọ lọ, kò sí "kẹ́" rárá. Kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ ewé kò ṣẹ́jú. Mo sítáàtì, kò mú.

Rẹ́wáyà Dallas

Ẹ kú iṣẹ́! Main relay ni ọkàn mi lọ bá o. Ó jẹ́ àpótí kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, òun ló ń fún pọ́ǹpù ní iná. Àwọn Honda ayé ìgbà yẹn ní àìsàn yìí gan-an. Sódà inú rẹ̀ máa ń sán bó bá ti pẹ́. Tí ooru bá mú, ibi tó sán á là, iná á gé. Tó bá tutù, á padà lẹ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀: ẹ wé yìnyín sínú ọ̀rá, ẹ gbé e lé ara àpótí náà nìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí omi má kán sí i.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ó ṣiṣẹ́! Wíńdò ṣì wà ní títì, òógùn bò mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "kẹ́", mo gbọ́ "hùn-ùn", ó sì mú. Mo pariwo débi pé àwọn ìbejì sá jáde.

Rẹ́wáyà Dallas

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ lè ra tuntun, tàbí kí ẹni tó mọ sódà tún un ṣe. Kí ẹ tó tú orí bátìrì, ẹ wá nọ́ńbà CODE rédíò yín, torí á béèrè rẹ̀. Sódà oníná-mànàmáná ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ti àwọn oníṣẹ́ páìpù omi, èyí ní ásíìdì, á jẹ ẹ́ run. Ẹ tún fi VIN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, béèrè lọ́wọ́ Honda. Lọ́dún 2002, Honda pe àwọn ọkọ̀ kan padà, Accord wà lára wọn, nítorí ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń yí sí máa ń jẹ tí ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ yẹn lè má gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì, Houston (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Ẹ̀yin ará ilé, mo padà wá jábọ̀. Àbúrò ọkọ mi tó ń tún fóònù ṣe ló tú àpótí náà. Ó fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá hàn mí: ní ìdí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta, òrùka dúdú kan wà yípo sódà, tín-ín-rín bí irun orí. Ohun tó fẹ́ gba 900 dọ́là lọ́wọ́ mi nìyẹn! Ó tún un ṣe, mo sì ra tuntun kan lé e nítorí pé òru ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Láti ìgbà náà, oòrùn Houston ń mú bó ṣe ń mú, kò kú mọ́. Mo fi VIN béèrè lọ́wọ́ Honda náà, wọ́n ti ṣe ti ìpèpadà yẹn tẹ́lẹ̀.

Bàbá Chicago

Mo gbà, mo sì dúpẹ́. Pọ́ǹpù ni mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ọjọ́ yìí. Ìyá Ìbejì, ṣé relay ti tẹ́lẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín? Accord ọdún 1999 ni ọmọ mi obìnrin ń wà.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ó wà nínú ọkọ̀ níbí, sà. Èyí tí wọ́n fi sódà tún ṣe ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí pọ́ǹpù rẹ̀ ná, kó tó tú nǹkan kan.