Egungun ẹran inú òkìtì Gajiganna: ṣé ó lè sọ irú ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ibẹ̀ tẹ̀dó sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkìtì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mi dá lórí àwọn òkìtì ìgbà Gajiganna ní Borno, nítòsí Adágún Chad. Àwọn darandaran tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1800 ṣáájú Kírísítì. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1200, jéró ti di ohun ọ̀gbìn wọn. Egungun pọ̀ nínú òkìtì wọ̀nyí: màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ẹran ìgbẹ́, ẹja. Mo fẹ́ fi wọ́n mọ bí ilẹ̀ ṣe rí nígbà náà. Ṣé igi ló pọ̀ ni àbí koríko? Ṣé omi sún mọ́ wọn àbí ó ti gbẹ? Èrò mi ni láti yọ kọ́lájìn, ìyẹn prótéènì inú egungun, nínú egungun màlúù 40, kí n wọn áísótóòpù kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn (oríṣi átọ́ọ̀mù kan náà tí ìwúwo wọn yàtọ̀, tó ń sọ irú oúnjẹ tí ẹran jẹ), bí wọ́n ti ṣe ní Çatalhöyük, ibùdó àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ṣé ọ̀nà tó dáa nìyẹn?

Ẹja Àrọ̀

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì fọwọ́ kan màlúù rárá. Ohun tí màlúù kọ́kọ́ ń sọ ni pé ẹnìkan ní màlúù, ó sì ń dà á lọ síbi tó wù ú. Ẹran tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ènìyàn ló mọ ilẹ̀ jù, ní ibi tí ẹ wí yìí sì rèé, ẹja ni.

Ẹ wo àrọ̀. Ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ó sì lè wà nínú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lates, ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, kò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Omi jíjìn tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ ló ń fẹ́. Bí Lates bá ń dín kù láti ìpele ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, tí àrọ̀ sì ń gba ipò rẹ̀, omi ibẹ̀ ń di àbàtà nìyẹn.

Àmọ́ kíkà rẹ̀ ní ẹ̀tàn. Orí àrọ̀ kan ṣoṣo máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ojú egungun orí náà sì rí ṣákaṣàka bí ẹni da iyanrìn lé e. Ègé tí kò ju 1 cm lọ, ojú tó mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n. Ègé Lates tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá a mọ̀. Tí ẹ bá ka iye ègé nìkan, àrọ̀ á borí lórí irọ́. Ẹ̀gún lẹ́bẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kà: ẹ ya ti òsì sọ́tọ̀, ẹ ya ti ọ̀tún sọ́tọ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni iye àrọ̀ tó kéré jù tó lè wà níbẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, irú ajọ̀ wo ni wọ́n fi jọ̀ ọ́? Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ṣa egungun, tàbí ajọ̀ 10 mm, ẹja kékeré àti eku ti bá ilẹ̀ lọ, ẹ kò sì lè fi iye wọn sọ nǹkan kan. Amọ̀ dúdú apá ibẹ̀, firki, máa ń le bí òkúta bó bá gbẹ. Ẹni tó bá ń fọ́ ọ lórí ajọ̀ ń fọ́ egungun ni. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ wá fi omi ṣàn án gba orí ajọ̀ 4 mm, 2 mm àti 1 mm. Lítà 10 láti ìpele kọ̀ọ̀kan tó láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ iye lítà sílẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kò lè fi ìpele kan wé èkejì. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá egungun sí. Oòrùn á là á.

Ní ti eku, àwọn kan ṣì ń gbẹ́ ihò sínú òkìtì títí di òní. Egungun eku tó pé odindi, tó funfun, tí àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti egungun tó yí i ká, àlejò àná ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Eyín Màlúù

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ nípa ẹja, àmọ́ màlúù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tí ètò yín ti mẹ́hẹ ni kọ́lájìn. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Çatalhöyük wà níbi tó ga tó nǹkan bí 1,000 mítà, yìnyín sì ń bọ́ níbẹ̀. Borno kọ́ nìyẹn. Egungun tó ti wà nínú ooru Sàhẹ́lì fún ohun tó lé ní 3,000 ọdún lè le lọ́wọ́, kí kọ́lájìn inú rẹ̀ sì ti tán pátápátá.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú egungun márùn-ún. Ẹ lọ 5 mg nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kúnná, kí láàbù wọn náítírójìn rẹ̀ bó ṣe wà. Egungun tútù máa ń ní bíi 4%. Èyí tí kò bá tó 0.7%, ẹ dá a padà sínú àpò rẹ̀.

Èyí tó bá yege, ẹ gé 0.5 g, ẹ họ ojú rẹ̀ dànù, ẹ rì í sínú HCl 0.5 M ní 4 °C. Ẹ máa pààrọ̀ ásíìdì náà ní ọjọ́ méjì méjì títí egungun á fi rọ̀ tí kò sì ní hó mọ́. Kánjúkánjú ló ń ba ibí yìí jẹ́: ásíìdì tó gbóná tàbí tó le jù á yọ́ ìwọ̀nba kọ́lájìn tó ṣẹ́kù. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gbé e sínú omi pH 3 ní 70 °C fún wákàtí 48, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ẹ̀rọ olótùútù gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ wo kábọ́ọ̀nù sí náítírójìn: àárín 2.9 sí 3.6 ló yẹ kó bọ́ sí. Bó bá kọjá 3.6, ìdọ̀tí ilẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Bí kọ́lájìn tí ẹ rí kò bá tó 1% ìwọ̀n egungun, ẹ má gbára lé e.

Púpọ̀ nínú wọn kò ní yege lójú tèmi. Enamel, èèpo líle tó bo eyín, ni kí ẹ lọ bá. Òun kì í tètè bàjẹ́. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹta ni kí ẹ lò. Ìgbà ọmú ni èkíní ń hù, wàrà á sì da òǹkà rẹ̀ rú. Ẹ fa ilà dábùú eyín láti orí dé gbòǹgbò, kí 1.5 sí 2 mm wà láàrin wọn, kí ẹ sì gba lúbúlúbú 5 sí 10 mg nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí irin bá ti kan apá tó rọ̀ lábẹ́ èèpo, ẹ da lúbúlúbú yẹn nù. Asetic acid 0.1 M fún wákàtí mẹ́rin, ẹ fọ̀ ọ́, ó parí.

Ní ti áísótóòpù ọ́síjìn inú èèpo eyín náà, tó ń sọ irú omi tí ẹran mu, ẹ má gbé ìtumọ̀ ti Tọ́kì wá. Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn olóoru ló ń gbé òǹkà sókè, òjò ìgbà òtútù ló sì ń fà á wálẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ òjò ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, omi kòtò tí oòrùn ń fà gbẹ ló sì ń gbé e ga. Bí òǹkà kò bá yí padà láti ìlà dé ìlà, ó lè jẹ́ omi kànga ni ẹran náà ń mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkìtì

Ẹ ṣé gan-an. Ká ní òǹkà áísótóòpù kábọ́ọ̀nù èèpo eyín màlúù wá jẹ́ +1‰ (‰ ni ìdá nínú ẹgbẹ̀rún). Ṣé mo lè kọ ọ́ pé pápá koríko ni ilẹ̀ náà?

Eyín Màlúù

Rárá o. Ọ̀wọ́ ewéko méjì ni C4 àti C3, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ ló yàtọ̀. Koríko Sàhẹ́lì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀wọ́ C4 tán, nǹkan bíi −12‰. Igi àti igbó wẹ́wẹ́ jẹ́ C3, nǹkan bíi −27‰. Èèpo eyín ẹran ajẹko ńlá máa ń fi nǹkan bí 14‰ ju oúnjẹ rẹ̀ lọ, nítorí náà oúnjẹ màlúù yín jẹ́ −13‰. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ báyìí, C4 á jẹ́ 93%. Àṣìṣe! Ti òde òní ni òǹkà −12 àti −27 yẹn. Èéfín epo àti èédú ti fa ti afẹ́fẹ́ wálẹ̀ ní nǹkan bí 1.5‰. Ẹ tún un ṣe sí −10.5 àti −25.5, ẹ ó rí 83%.

Màlúù á sì wá koríko kàn láàrin igi. Ẹ fi ewúrẹ́ tì í, nítorí ewé ni ewúrẹ́ fẹ́ràn. Bí ewúrẹ́ pàápàá bá ti ń sún mọ́ C4, ewé ti wọ́n nìyẹn.

Ibi tó le jù nìyí: C4 ni jéró náà. Poroporo jéró àti koríko ìgbẹ́, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀rọ. (Ní Çatalhöyük, C3 ni àlìkámà àti ọkà báálì wọn, wọn kò ní wàhálà yìí.) Ẹ fi ìpele tó ṣáájú jéró ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ sì wọn eyín ẹran ìgbẹ́ ajẹko láti ìpele kan náà. Bí ẹran ilé bá yí padà tí ẹran ìgbẹ́ kò yí, ọwọ́ ènìyàn ni. Bí àwọn méjèèjì bá jọ yí, ilẹ̀ ló yí.

Ọlọ́yà

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀nà yìí wá sí ìhà igbó, kó mọ̀ pé ásíìdì inú ilẹ̀ wa ń jẹ egungun. Ní Ìwó Eléérú lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wa ilẹ̀ rẹ̀ ní 1965, ohun èlò òkúta ló pọ̀ jù. Ní àwọn ibùdó àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kintampo ní Gánà, tó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún, egungun ṣì wà, ọ̀yà sì wà nínú wọn. Koríko gíga àti oko ni ọ̀yà ń fẹ́. Tí ọ̀yà bá pọ̀ lójijì, kò dandan kó jẹ́ pé òjò ló dín kù. Oko tí wọ́n ṣán lè ti pè é wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èkúté ilé rí ní Ain Mallaha, ní àfonífojì Jọ́dánì, ní bí 15,000 ọdún sẹ́yìn, kí àgbẹ̀ tó dé. Nígbà tí àwọn ènìyàn jókòó pẹ́, òun ló gba ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣí kiri, ìbátan rẹ̀ ti ìgbẹ́ ló pọ̀ sí i. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi yà wọ́n.

Ẹja Àrọ̀

Ẹ wọn eyín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní gbogbo ìhà, kí irin tó kàn án. Tó bá sì jẹ́ láàbù òkè òkun ni, ẹ gba ìwé àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀m̀báyé àti ohun àtijọ́, kí lúbúlúbú kankan tó kúrò ní Nàìjíríà.