Kí a má fi ìfaradà nìkan pe gbogbo ohun tí ẹ̀dá etíkun ń ṣe

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Olùkọ́ kan tó ń ṣe ìwé kékeré nípa ẹja, akàn àti ìṣáwùrú etíkun fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló bi wá pé kí ni kí òun pe «stress» ní Yorùbá, àti pé kí ni kí òun pe ohun tí ẹ̀dá ń ṣe nígbà tó bá dé bá a. Ọ̀kan nínú wa dá a lóhùn pé kó pe èkíní ní másùnmáwo, kó sì pe gbogbo ìyókù ní ìfaradà. N kò lè bá a lọ síbẹ̀.

Másùnmáwo kò ní àléébù fún ènìyàn, nítorí oorun àti àníyàn ló wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ìṣáwùrú tí oòrùn ń yan lórí ẹrẹ̀ kò ní àníyàn kankan. Ohun tó ń ṣe é wà nínú ẹran ara rẹ̀, ó sì ṣeé wọ̀n. Ìnira ni mo fara mọ́. Àǹfààní mìíràn sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tó fa ìyà àti ìyà fúnra rẹ̀, ìyẹn sì ti da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rú. Àwa kò ní láti jogún ìdàrúdàpọ̀ wọn. Kí a pe iyọ̀ tó pọ̀ jù, ooru, epo rọ̀bì àti àìtó ọ́síjìn ní aninilára, kí a sì fi ìnira sílẹ̀ fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹ̀dá. Mo mọ̀ pé aninilára inú Bíbélì jẹ́ ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ọ̀rọ̀ má gbòòrò.

Ọ̀rọ̀ ìfaradà ni ó le jù, nítorí ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó gbé.

Fún èkíní, ẹ wo ẹpìyà ọ̀sà, èyí tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, tó wà ní etíkun láti Senegal títí dé Kóńgò. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa da omi tí kò níyọ̀ sínú ọ̀sà Èkó, tí iyọ̀ ibẹ̀ á fi dín kù gan-an. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ èbúté wọlé, iyọ̀ á sì padà. Nínú omi tí kò níyọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja ju ti ìta lọ, nítorí náà omi ń wọ ara rẹ̀ láìdúró. Kì í mu omi púpọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ̀, á sì ṣàn bí omi lásán, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní ibi tó fi ń mí á sì máa gba iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú omi. Bí iyọ̀ ọ̀sà bá ti ju ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ á yí padà: omi ni yóò máa jáde lára rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí mu omi oníyọ̀, ibi tó fi ń mí kan náà yóò sì wá máa ti iyọ̀ jáde. Ẹja kan náà ni o, kò pààrọ̀ ẹ̀yà. Ara rẹ̀ ló tún ètò ṣe, ó sì lè dá ètò náà padà nígbà tí òjò bá tún dé.

Èyí kì í ṣe ìfaradà lásán. Ẹni tó fara da nǹkan dúró bó ṣe wà títí ìyà fi kọjá. Ẹpìyà kò dúró bó ṣe wà. Ẹnì kan ti dábàá ìmọ́lára fún un, nítorí a máa ń sọ pé nǹkan ti mọ́ ènìyàn lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà á kúrò lára ìmọ̀lára, a sì mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ọmọ tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rò pé à ń sọ̀rọ̀ nípa bí inú ẹja ṣe rí. Ìbáyíkámu ni mo dábàá: ó bá àyíká mu. Ó ṣeé pè, ó ṣeé túmọ̀, kò sì jọ òmíràn.

Ẹ̀kejì, kí a wá fi ìfaradà sílẹ̀ fún ohun tó yẹ ẹ́, ìyẹn ìwọ̀n tí ara lè gbé. Ìwọ̀n yẹn ní nọ́ńbà. Omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan. Ní Saloum, ní ilẹ̀ Senegal, níbi tí oòrùn ti ń fa omi ju bí odò ti ń mú un wá lọ, a ti rí ẹpìyà yìí nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ ju gíráàmù 100 lọ. Kò kú, àmọ́ kò dàgbà tó bó ti yẹ, ó sì ń gbó fún ọmọ bíbí nígbà tó ṣì kéré. Ìfaradà rẹ̀ pọ̀, ìnira rẹ̀ náà sì hàn. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀, a lè sọ gbólóhùn yìí. Bí a kò bá ní wọn, a ó kàn máa yin ẹja náà ni.

A ó nílò òpin ìfaradà pẹ̀lú. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2021, ooru ńlá kan bo British Columbia ní ilẹ̀ Kánádà. Ìlú Lytton, tó jìnnà sí òkun, gbóná dé 49.6°C. Omi òkun fà sẹ́yìn lọ́sàn-án, àpáta etíkun gbóná kọjá 50°C láwọn ibì kan, àwọn ẹ̀dá oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta sì kú lọ bẹẹrẹbẹ. Christopher Harley, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun ní yunifásítì ibẹ̀, ṣírò pé àwọn ẹ̀dá etíkun tó kú ju bílíọ̀nù kan lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ti ń rí oòrùn tẹ́lẹ̀. Bí ooru bá mú wọn, ara wọn máa ń ṣe purotéènì àkànṣe tó ń tún àwọn purotéènì tó ti wọ́ ṣe, iṣẹ́ tó ń jẹ oúnjẹ inú ara púpọ̀. Kọjá ìwọ̀n kan, àtúnṣe kò bá ìbàjẹ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ̀dá yẹra. Mo pè é ní ìyẹra, n kò sì rò pé ó yẹ kó di àríyànjiyàn: ẹ̀dá oníkarahun tó pa ẹnu dé nígbà tí omi burú, tí kò sì lè jẹun títí yóò fi ṣí i, àti ẹja tó ṣí lọ síbi tí omi ti tutù, ìyẹra ni ti àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin ni ó mú mi kọ lẹ́tà gígùn yìí. Ẹja kékeré kan wà ní etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fundulus heteroclitus. Ní odò Elizabeth ní Virginia, òdà tí wọ́n fi ń kun pákó kó má baà jẹrà ti wọ inú ẹrẹ̀ tipẹ́. Ní èbúté New Bedford ní Massachusetts, kẹ́míkà PCB ni. Ní Newark ní New Jersey, kẹ́míkà mìíràn tí wọ́n ń pè ní dioxin ni. Àwọn májèlé wọ̀nyí máa ń ba ọkàn ọmọ ẹja jẹ́ láti inú ẹyin. Síbẹ̀ ẹja yìí ń bímọ níbẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ìfaradà àwọn kan nínú wọn tó ìlọ́po 8,000 ti ẹja mìíràn, àti pé ọ̀nà tí májèlé ń gbà fún sẹ́ẹ̀lì ní àṣẹ ni àbùdá wọn ti dí. Ọmọ wọn tí a bí sínú omi mímọ́ ṣì ní in. Ṣùgbọ́n àwọn ti odò Elizabeth kò lè gbé àìtó ọ́síjìn bí ẹja omi mímọ́ ṣe lè gbé e.

Kò sí ẹja kankan níbẹ̀ tó kọ́ nǹkan kan. Àwọn tí kò ní àbùdá náà kú, àwọn tó ní in bímọ, ìran sì yí padà. Bí ìwé bá sọ pé ẹja náà «fara dà á», tàbí pé ó «mú ara rẹ̀ bá a mu», ọmọ yóò rò pé ẹpìyà ọ̀sà àti ẹja Virginia ṣe ohun kan náà, yóò sì parí èrò sí pé ẹja yòówù, bí a bá fún un láyè, yóò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbáyíkámu àjogúnbá ni mo dábàá. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n àjogúnbá ti wà lẹ́nu gbogbo wa, ó sì sọ ibi tí ìyàtọ̀ wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ iyùn, ẹ̀dá inú òkun tí ẹnì kan fẹ́ kí a fi bíbóra pe bí ó ṣe ń funfun nínú omi gbígbóná. Ẹni tó bóra ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Iyùn ní tirẹ̀ pàdánù àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú rẹ̀, tó ń bọ́ ọ, tó sì ń fún un láwọ̀, ebi ló sì máa ń pa á lẹ́yìn náà. Aṣọ tó ṣí ló jọ, nítorí náà kí a pè é ní àwọ̀ṣíṣí. Ẹ jọ̀wọ́, kí olùkọ́ wa má ṣe ya àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ ọba sí ojú ewé náà: iyùn pupa inú òkun Mẹditaréníà, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀, kò ní irú ewé bẹ́ẹ̀ nínú rárá. Nígbà tí ooru ọdún 1999 mú un ní etíkun Faransé àti Ítálì, àwọ̀ kọ́ ló ṣí. Ẹran ara rẹ̀ ló kú kúrò lórí egungun, egungun náà sì pupa síbẹ̀.