Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Oṣù wo ni kí a lọ gbá gọ́ọ̀fù lókè òkun?

Ará Oníréke: Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ nínú ẹgbẹ́, mo kí yín o. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì lókè òkun láti gbá gọ́ọ̀fù. Algarve, ní gúúsù ilẹ̀ Pọ́rtúgàl, ni mo ní lọ́kàn, nínú oṣù Kẹjọ tí àwọn ọmọ wà ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní kí n dúró di ìparí ọdún. Èwo ni kí n ṣe?

Ìyá Bódìjà: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, ẹ̀gbọ́n wa. Lóòótọ́, òjò kì í sábà rọ̀ ní Algarve lóṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kò ṣeé gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun yóò sì ti kún inú ilé ìtura, tí owó yàrá yóò fi gbówó lórí. Ìgbà tí àwọn agbágọ́ọ̀fù máa ń ya lọ síbẹ̀ ni oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, àti oṣù Kẹsàn-án sí Ìkọkànlá. Owó pápá máa ń wọ́n nígbà náà, àmọ́ ara yóò tù yín. Oṣù Kẹwàá ni èmi yóò mú.

Àgbà Jẹ́ríkọ̀: Bí àwọn ọmọ bá gbọ́dọ̀ bá yín lọ, ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ yí padà, kì í ṣe oṣù. Ẹ lọ sí St Andrews ní Skọ́tlándì. Ní oṣù Kẹjọ, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán yóò gbá ihò méjìdínlógún, ìyẹn odindi eré kan, tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìparí ọdún lọ síbẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà àti aṣọ òjò dání, kí ẹ má sì fi eré Old Course, pápá gọ́ọ̀fù olókìkí ibẹ̀, sí ọjọ́ Àìkú, nítorí pé wọn kì í sábà gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Bó bá jẹ́ ìparí ọdún, Dubai ni, sà. Ooru ibẹ̀ a máa kọjá 40°C lóṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ó máa ń rọlẹ̀ láti oṣù Kọkànlá sí Ìkẹta. Cape Town náà dára ní oṣù Kejìlá, torí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan ló lè gbé bọ́ọ̀lù yín lọ sí ibi tí ẹ kò rán an.

Ará Oníréke: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìyá àwọn ọmọ ti ní òun kì yóò wọ súwẹ́tà lọ gba ìsinmi, nítorí náà, Algarve ni, lóṣù Kẹwàá. Àwọn ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà. Ìgbà wo ni kí a wá físà?

Ìyá Bódìjà: Wọ́n máa ń gba ìwé físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ Pọ́rtúgàl, láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹfà, kí ẹ má sì tíì san owó pápá tí wọn kì yóò dá padà.