Ọmọ ajá tuntun kò jẹ́ kí àgbà ajá sinmi: ìgbà wo ni kí n dá sí i?

Ajá méjì ló ń ṣọ́ ilé wa n'Ìbàdàn kí a tó gba ọmọ Boerboel kan (irú ajá ńlá kan), tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, mọ́ wọn. Akọ inú wọn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ Tanímọ̀la, abo tó ti darúgbó, kò rímú mí: bó bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, ọmọ yìí yóò fò mọ́ ọn, yóò rọ̀ mọ́ ọn létí títí Tanímọ̀la yóò fi kùn, tí yóò sì yọ eyín sí i. Mo ti ya àwo oúnjẹ wọn sọ́tọ̀, mo sì ti gbìyànjú láti máa ti ọmọ náà mọ́ inú àgò lóru, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ kò jẹ́ kí ará ilé kejì sùn (wọn kò sì jẹ̀bi). Lánàá, Tanímọ̀la gbé ẹnu mọ́ ọn nímú. Kò dá egbò sí i, ọmọ náà ké, ó sá sábẹ́ mọ́tò, kò sì pẹ́ tó tún padà wá fà á nírù.

Ìyàwó mi ní kí n máa là wọ́n. Àwọn mìíràn ní kí n jẹ́ kí àgbà kọ́ ọmọdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ajá púpọ̀ pọ̀ rí, àmì wo ni mo máa rí lára Tanímọ̀la tí n ó fi mọ̀ pé ó ti kọjá ìbáwí, tó sì ti fẹ́ di ìjà gidi?