Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí òǹkàwé fura sí asọ̀tàn mi láìjẹ́ pé ó tètè kọ̀ ọ́?

Alákọ̀sílẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan tó wáyé ní Detroit lọ́dún 1926, nígbà tí òfin ka ọtí léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin kan tó ń so ìpè àwọn ènìyàn pọ̀ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Òun àti obìnrin kan tó ní ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ di kòríkòsùn, títí ìfẹ́ náà fi kọjá ààlà: ó ń múra bíi tirẹ̀, ó ń dẹtí sí gbogbo ìpè rẹ̀, ó sì ń kọ wọ́n sínú ìwé. Lójú tirẹ̀, ńṣe ló ń dáàbò bo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo fún àwọn méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kà. Ọ̀kan ti pè é ní òpùrọ́ láti ojú ewé kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì jọ ọ́ lójú mọ́. Èkejì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Báwo ni mo ṣe lè gba àárín àwọn méjèèjì kọjá?

Ojú-Ewé:
Ẹ má jẹ́ kó parọ́ nípa ohun tó gbọ́. Etí ló fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu onítọ̀hún, kó wá túmọ̀ rẹ̀ sódì. Bí ọ̀rẹ́ náà bá sọ pé, “Ó ti rẹ̀ mí, má wulẹ̀ wá lálẹ́ yìí,” kí asọ̀tàn kọ ọ́ sílẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan, kó sì fi kún un pé àánú òun ló ṣe é, nítorí yìnyín tó ń já bọ́ níta. Níbi tí òun ti gbọ́ ìfẹ́, òǹkàwé yóò gbọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú ẹnì kejì. Nígbà tí irú rẹ̀ bá fi máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ìfura á ti dé, síbẹ̀ kò ní sí irọ́ kan pàtó tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí.

Baba Ìtàn:
Mo fara mọ́ èyí, pàápàá nítorí pé irọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí irọ́ ni òwò Detroit ìgbà náà dúró lé. Michigan ti ka ọtí léèwọ̀ láti 1918, kí òfin ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1920, nítorí náà fàyàwọ́ ti mọ́ wọn lára dáadáa kí 1926 tó dé. Odò kan péré ló wà láàárín wọn àti Windsor ní Kánádà, níbi tí òfin ti gba àwọn tó ń pọn wisikí láyè láti tà á sí òkè òkun. Ọkọ̀ ojú omi kékeré yóò ní ìwé tó sọ pé Kúbà ni òun ń lọ, yóò sì tún padà wá kó ẹrù mìíràn lọ́jọ́ kan náà! Bí odò bá dì nígbà òtútù, mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé e kọjá lórí yìnyín.

Ẹ rántí pé òfin náà kò sọ mímu ọtí di ẹ̀ṣẹ̀. Ṣíṣe é, títà á àti gbígbé e kiri ló kà léèwọ̀. Ọ̀rẹ́ tó ń tà á lè lọ sẹ́wọ̀n, nígbà tí asọ̀tàn tó ń mu ún lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ní 1928, nínú ẹjọ́ Roy Olmstead, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Seattle nígbà kan tó di oníṣòwò ọtí, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pín sí márùn-ún àti mẹ́rin, àwọn tó pọ̀ jù sì gbà pé kò lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ bí ìjọba bá dẹtí sí wáyà tẹlifóònù ènìyàn láti ìta ilé rẹ̀. Ẹ wo ewu tó wà nínú ìwé tí asọ̀tàn yín ń kọ yẹn.

Àbẹ̀ní:
Èmi ò gbà kí ọ̀rẹ́ náà jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Kí òfin yẹn tó dé, ọkùnrin ló ni ilé ọtí. Inú ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti kọ́kọ́ bá ọkùnrin jókòó mu, tí wọ́n jọ jó. Fún ọmọ tó ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó lórí ìlà, tí alábòójútó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìgbádùn gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí àwa náà jẹ nínú rẹ̀ kí ẹ̀rù tó bà wá. Ọ̀rẹ́ náà lè ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ń dẹtí sí òun, kó sì máa jèrè rẹ̀: ta ló tún lè tètè gbọ́ bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá sọ fún wa níparí pé wèrè ni, tàbí pé ọ̀rẹ́ náà kò sí láyé rí. Ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Alákọ̀sílẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Màá sún ìtàn náà sí 1928, màá sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà mọ̀. Ó ku ẹyọ kan: ta ló ń sọ ọ́ fún? Ọlọ́pàá ni mo ti ní lọ́kàn.

Ojú-Ewé:
Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá, ẹ̀bẹ̀ ni òǹkàwé yóò kà á sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, kó sì máa yin aṣọ ọmọ náà bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.